Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹgbẹ́ ọdẹ Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́: ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ, ṣùgbọ́n ẹ gba èsì lọ́wọ́ wọn

Ẹ̀yin bàbá wa, Olúọdẹ Kétu, Olúọdẹ Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ̀yin ọdẹ Ìlárá, Ìdígnì, Àdàkplàmẹ̀, Kìlíbò àti gbogbo abúlé tó wà láàárín, mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu ìgbẹ́, Ògún á máa gbè yín. Mo kí ẹ̀yin ìyá wa náà tí ẹ̀ ń ra ẹran lọ́wọ́ ọdẹ tí ẹ̀ ń tà á lọ́jà, torí lẹ́tà yìí kàn yín bó ṣe kan àwọn tó gbé ìbọn, ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé ẹ̀yin ló kàn jù.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ kan tí mò ń gbọ́ káàkiri, pé bí àwọn tó ń wá fáírọ́ọ̀sì lára ẹran ìgbẹ́ bá dé abúlé kí ọdẹ má dá wọn lóhùn, kó ní òun ò pa ọ̀bọ rí láyé òun, torí tí wọ́n bá ti rí nkan nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á fòfin de ìgbẹ́, wọ́n á sì lọ sọ fún gbogbo ayé pé ọdẹ ló kó àìsàn wá. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọdẹ, mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá ọlọ́jà, mo tún gbọ́ ọ nínú vóìsì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọmọ ọdẹ ni mí, ẹran ìgbẹ́ ni bàbá mi fi rán mi níléèwé, iṣẹ́ làbò ni mò ń ṣe l'Ájàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, báyìí, ojú mi wà níhà méjèèjì, mi ò sì lè dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀bi kúrò nílẹ̀. Òótọ́ ni pé ara ẹran ni sídà, ìyẹn AIDS, ti wá. HIV-1, irú fáírọ́ọ̀sì sídà tó gba ayé kan, ara ìnàkí ló ti jáde, irú èyí tí àwọn Faransé ń pè ní ṣinpansé, nínú igbó tó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Kamẹrúùnù. Bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n gan-an ló wù mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí, torí wọn ò yìnbọn pa ìnàkí kankan. Beatrice Hahn láti Amẹ́ríkà àti Martine Peeters tó ń ṣiṣẹ́ ní Montpellier ní Faransé, wọ́n kó ẹgbẹ́ jọ pẹ̀lú àwọn ọmọ Kamẹrúùnù tó mọ inú igbó, imí ìnàkí ni wọ́n ń ṣà kiri. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìnàkí máa ń fi ewé tẹ́ ibùsùn sórí igi lálaalẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tó bá ti bọ́ sílẹ̀ tó lọ, àwọn èèyàn yìí á lọ sábẹ́ igi náà, wọ́n á bu imí díẹ̀ sínú ìgò kékeré tó ní oògùn tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́, wọ́n á kọ ibi tí wọ́n ti rí i sí i lára, ó di làbò. Nínú imí yẹn wọ́n á rí àmì fáírọ́ọ̀sì, wọ́n á mọ irú ìnàkí tó yà á, wọ́n tiẹ̀ máa mọ̀ bóyá akọ ni àbí abo. Ọdún 2006 ni wọ́n gbé èsì náà jáde. Ẹ sọ fún mi, ta ló mọ títọ ipasẹ̀ ẹranko ju ọdẹ lọ? Iṣẹ́ yín gan-an ni wọ́n fi mọ orírun sídà.

Wàyí o, ọdẹ ti ń pa ọ̀bọ látayébáyé, bàbá bàbá ẹni tó kọ́ yín níṣẹ́ pa á, kí ló dé tó fi jẹ́ pé nǹkan bí ọdún 1920 ni àwọn onímọ̀ ṣírò pé HIV-1 bẹ̀rẹ̀ sí tàn? Ọdẹ ò yí padà, ìlú ló yí padà. Ẹnì kan kun ẹran, ó fi ọ̀bẹ ge ara ẹ̀ tàbí ẹran bù ú jẹ, fáírọ́ọ̀sì wọlé sí i lára, ó ṣeé ṣe kó ti ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kó sì parí sí abúlé kan náà. Àmọ́ ti ìgbà yẹn rí ọ̀nà odò lọ sí Léopoldville, ìlú tí à ń pè ní Kinshasa lónìí, ìlú tí àwọn òyìnbó Bẹ́ljíọ̀mù ń kó èèyàn sí fún iṣẹ́, tí rélùwéè ń kó èrò wọ̀ tó ń kó wọn jáde, tí ọkùnrin pọ̀ níbẹ̀ ju obìnrin lọ, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gún ẹni tọ̀hún tí wọ́n tún fi ń gún ẹlòmíì nígbà náà wà lára ohun tó ràn án lọ́wọ́. Ó rìn fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún kí Françoise Barré-Sinoussi àti Luc Montagnier tó rí i ní Paris ní 1983. Ọgọ́ta ọdún! Èèyàn ń kú, ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó ń pa wọ́n. Nítorí náà ẹni tó bá ní ọdẹ ló kó sídà wá, ẹ ní kó lọ kàwé. Ẹni tó bá sì ní wíwá fáírọ́ọ̀sì kò wúlò, ẹ ní kó ka ọgọ́ta ọdún yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.

HIV-2, irú fáírọ́ọ̀sì sídà kejì, wà ńkọ́? Ìyẹn tiẹ̀ jẹ́ ti apá ọ̀dọ̀ wa níbí, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ara ọ̀bọ kan tí wọ́n ń pè ní mangabé ló ti wá, èyí tó ń gbé láti Sierra Leone, Liberia dé Côte d'Ivoire. Tí wọ́n bá ka gbogbo ẹ̀ pọ̀, irú fáírọ́ọ̀sì yìí ti fò láti ara ìnàkí, gọ̀rílà àti mangabé yẹn bọ́ sára èèyàn ju ìgbà 10 lọ, ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ló gba gbogbo ayé. Àwọn yòókù kàn ń rà pálápálá níbi tí wọ́n wà.

Ó ní ohun kan tí mo mọ̀ pé inú ọdẹ á dùn láti gbọ́. Ìnàkí fúnra ẹ̀, ọdẹ ni. Wọ́n á kó ara wọn jọ, wọ́n á dena de ọ̀bọ kéékèèké lórí igi, wọ́n á pa á, wọ́n á sì jẹ ẹ́ ní tútù tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tú fáírọ́ọ̀sì ara ìnàkí wò, wọ́n rí i pé àdàpọ̀ ni, apá kan láti ara mangabé míì tí orí ẹ̀ pupa, apá kejì láti inú ẹbí fáírọ́ọ̀sì tí ti ọ̀bọ mona náà wà nínú ẹ̀. Àní ìdí ọdẹ ni òun náà ti kó o. Mi ò mọ ẹ̀rí tó tún ju èyí lọ pé ẹ̀jẹ̀ tútù ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sílé. Ìnàkí ti tán ní Bẹ̀nẹ̀, àwọn ọdẹ tó ti dàgbà ló ń sọ ìtàn ẹ̀ mọ́. Àmọ́ mona ṣì wà, ìjímèrè ṣì ń sáré nínú pápá apá Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sókè, ọ̀bọ tí ikùn ẹ̀ pupa ṣì wà nínú igbó Lama, ẹdun ti di ẹran tí wọ́n ń fi àtùpà wá. Irú ọ̀bọ tó lé ní 40 ní Áfíríkà ni wọ́n ti rí pé ó ní SIV tiẹ̀, ìyẹn ìbátan HIV, mona náà ní tiẹ̀. Kì í sábà ṣe ọ̀bọ náà ní nkankan torí wọ́n ti jọ wà pẹ́, ti mona ò sì tíì fò sára èèyàn rí ní ibi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Kamẹrúùnù wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ 788 wò, àwọn tí ọdẹ pa àti àwọn tí wọ́n so mọ́lẹ̀ nílé, èsì jáde ní 2002, nǹkan bí 16 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àmì SIV lára. Ní 2004 wọ́n tún gbé òmíràn jáde lórí èèyàn 1,099 láwọn abúlé Kamẹrúùnù, àwọn tó ń fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ ẹran, wọ́n bá àmì fáírọ́ọ̀sì ọ̀bọ kan tí wọ́n ń pè ní foamy virus lára èèyàn 10. Ọ̀kan ti ara gọ̀rílà wá. Wọn ò rí àìsàn kan pàtó tó fi ṣe wọ́n, wọn ò sì tíì rí i kó ràn látara ẹnì kan sí ẹlòmíì, ẹ má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ó fi hàn gbangba pé ẹ̀jẹ̀ ẹran ń wọ ara àwa èèyàn, kì í ṣe ìtàn àròsọ.

Nítorí náà mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́. Ẹran tó ti jinná dáadáa kọ́ ni wàhálà, iná ti parí ìyẹn. Inú ìgbẹ́ ni wàhálà wà nígbà tí ọdẹ bá da ọ̀bọ sí èjìká tí ẹ̀jẹ̀ ń ro sí i lẹ́yìn tí ẹ̀yìn ọ̀hún ní ọgbẹ́ ẹ̀gún, ìdí ààrò ló wà nígbà tí ìyá bá ń fi ọwọ́ lásán fọ ìfun tí ọ̀bẹ ti gé e níka láàárọ̀, ọ̀dọ̀ ọmọdé ló wà, ọmọ ọ̀bọ tí ìyá ẹ̀ kú tí ọdẹ mú wálé tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìnkùlé kí àwọn ọmọ máa bá a ṣeré, tó ń bù wọ́n jẹ tí a kàn ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ọ̀bọ yẹn, ẹ má mú un wálé mọ́. Tí ẹ bá ní ọgbẹ́ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì kun ẹran lọ́jọ́ náà. Tí kò bá sí ìbọ̀wọ́, ẹ wá ọ̀rá tó nípọn wé ọwọ́, kò tó ìbọ̀wọ́ ṣùgbọ́n ó sàn ju ọwọ́ lásán lọ. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wọ ojú ọgbẹ́, tàbí ọ̀bọ bá bu èèyàn jẹ, omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ lójú ẹsẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ pẹ́, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn, torí dìgbòlugi náà wà níbẹ̀. Ọ̀bẹ àti pákó ìgéran, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n kí ẹ tó da omi Javel sí i.

Òkú ẹran ńkọ́? Mi ò ní fi dídùn kún un o. Ẹran tí ẹ bá ní òkú nínú igbó tí ẹ ò mọ ohun tó pa á, ẹ má fọwọ́ kàn án, bó ti wù kó sanra tó. Ní Mayibout ní Gabon, lọ́dún 1996, wọ́n rí òkú ìnàkí, wọ́n gbé e wálé, wọ́n kun ún. Èébólà ló pa á. Àwọn tó fọwọ́ kan ẹran náà ló kọ́kọ́ dùbúlẹ̀, ó wá kan àwọn tó ń tọ́jú wọn, èèyàn 21 ló bá a lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, láàárín 2001 sí 2003 ní ẹnubodè Gabon àti Congo, gọ̀rílà àti ìnàkí ń kú nínú igbó, wọ́n wá ṣètò pé kí àwọn ọdẹ àti ará abúlé máa fi tó ìjọba létí tí wọ́n bá ti rí òkú ẹran. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìròyìn yẹn dé létí ìjọba kí àìsàn tó dé ọ̀dọ̀ èèyàn. Ọdẹ ló kọ́kọ́ mọ̀. Ohun tí mò ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ l'Ájàṣẹ́ ni pé kò sí ẹ̀rọ kankan ní làbò tó lè rí ohun tí ọdẹ ń rí ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn ni, àìsàn Lassa tó jẹ́ pé ara eku ló ti ń wá, ó dé Tchaourou níbí lókè Ṣábẹ̀ẹ́ ní 2016, ó sì pa èèyàn.

Ẹ̀rù òmíràn tó ń bà mí ni pé tí ẹ bá gbọ́ gbogbo èyí tán, kí àwọn kan má lọ dájọ́ ikú fún gbogbo ọ̀bọ inú igbó. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní Brazil, ilẹ̀ tí wọ́n kó àwọn ọmọ Kétu lọ tí wọ́n ṣì ń pe ẹ̀sìn wọn ní Kétu títí dòní, ibà pọ́njú jà níbẹ̀ láàárín 2016 sí 2018. Ẹ̀fọn ló ń gbé e, láàárín ọ̀bọ lórí igi, kó tó kan èèyàn. Ọ̀bọ ti ọ̀dọ̀ wọn kì í lè gbà á mọ́ra bíi ti wa, kíá ló máa ń kú, ikú ọ̀bọ yẹn ni àwọn oníṣègùn fi ń mọ ìlú tó yẹ kí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ. Ni àwọn èèyàn bá gbé òkò, gbé igi, wọ́n ń lu ọ̀bọ pa torí wọ́n ní òun ló ń kó ibà ràn wọ́n. Ó dà bí ẹni tó lu ajá rẹ̀ pa torí ó ń gbó olè. Ẹ̀yin ìdílé ìbejì tí ẹ kì í jẹ ẹdun, ẹ ti wà lọ́nà tó dáa látọjọ́ pípẹ́, ẹ bá wa kìlọ̀ fún àwọn yòókù. Ọ̀bọ ikùn pupa àti ẹdun ti kéré jù, òfin náà sì dáàbò bò wọ́n.

Ìbà pọ́njú yìí náà ni mo fẹ́ fi sọ ìdí tí mo fi ní kí ẹ gbà fún àwọn tó ń wá fáírọ́ọ̀sì. Ní 1927, ọkùnrin kan wà ní Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, Asibi lorúkọ ẹ̀, ẹni ọdún 28, ibà ọ̀hún mú un. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, wọ́n fi sára ọ̀bọ tí wọ́n kó wá láti Íńdíà, ọ̀bọ náà ṣàìsàn ó sì kú, Asibi yè é. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú. Yaba l'Ékòó níbí ni ibùdó ìgbìmọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ náà wà, ọ̀kan nínú wọn, Adrian Stokes, kó àìsàn yẹn, Èkó ló kú sí lọ́dún kan náà. Fáírọ́ọ̀sì ara Asibi ni onímọ̀ kan, Max Theiler, rọ̀ títí ó fi di abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní 17D, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1951, òun náà ni wọ́n ń gún àwọn ọmọ wa títí dòní, òun ló wà nínú káàdì yẹ́lò tí wọ́n ń bèèrè ní bọ́dà. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ adúláwọ̀ kan àti ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ kan, ó ti tó ìdí tí n kò fi lè gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé iṣẹ́ yìí ò kàn wá.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ yín, ìkán díẹ̀ péré ni, wọ́n á fún yín ní bébà funfun kan tó nípọn, ẹ kán ẹ̀jẹ̀ ẹran tí ẹ ti pa tẹ́lẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ kó gbẹ níbòòji, ẹ kọ irú ẹran àti ibi tí ẹ ti pa á, ó parí.

Ṣùgbọ́n mi ò ní kí ẹ kàn nawọ́ ẹ̀jẹ̀ lásán o, ibí yìí ni ẹ ti gbọ́dọ̀ dúró gbọin-in bí ọdẹ. Ẹ sọ fún wọn pé èsì gbọ́dọ̀ padà wá. Kì í ṣe ìwé Faransé tí wọ́n á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn mẹ́rì, ilé ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹni tó gbọ́ èdè wa wá jókòó láàárín ẹgbẹ́ ọdẹ kó sọ ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọn ò rí, kó sì dáhùn ìbéèrè. Ẹ má gbà kí wọ́n san owó lórí ọ̀bọ, torí ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ bá ti di sẹ̀fà, ọmọ kékeré á gbé ìbọn wọ igbó, wọ́n á sì ti dá ewu tí wọ́n ní àwọn ń lé sílẹ̀. Orúkọ ọdẹ ò gbọdọ̀ wà lórí bébà, ẹ gba àdéhùn pé wọn ò ní fi ẹ̀jẹ̀ tí ẹ mú wá fa ẹnikẹ́ni lé àwọn aṣọ́gbó lọ́wọ́. Èyí tó wà lọ́kàn mi jù: ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀yin náà wò, ẹ̀yin àti àwọn ìyá tó ń kun ẹran, lọ́fẹ̀ẹ́, ní bòńkẹ́lẹ́, kí wọ́n sì tọ́jú ẹni tí wọ́n bá rí nkan lára ẹ̀. Àwọn onímọ̀ fúnra wọn ń jà lórí èyí. Láàárín 2009 sí 2020 Amẹ́ríkà ná owó rẹpẹtẹ sórí wíwá fáírọ́ọ̀sì lára ẹran káàkiri ayé, wọ́n sì rí ọ̀pọ̀ tuntun. Ní 2018 àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Edward Holmes, Andrew Rambaut àti Kristian Andersen, kọ ọ́ jáde pé kíka fáírọ́ọ̀sì inú igbó ò ní sọ èyí tó máa jáde fún wa, pé ó sàn ká fi owó náà ṣọ́ àwọn èèyàn tó ń gbé níbi tí ẹran àti èèyàn ti ń pàdé. Ti wọn ni mo gbà. Àwọn èèyàn yẹn, ẹ̀yin ni. Mi ò ní kí wọ́n má wo ọ̀bọ, bí wọn ò bá wo ọ̀bọ a ò ní mọ orírun sídà dòní, mo kàn ní tí wọ́n bá wo ọ̀bọ tí wọn ò wo ọdẹ, iṣẹ́ náà ò tíì dé ìdajì.

Àwọn baba wa ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, tó bá pa ẹran kò ní fẹ́nìkan jẹ. Síbẹ̀ ẹ̀ ń fún wa jẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ burúkú san án fún yín, ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rù orúkọ burúkú mú kí ẹ fi ohun tí ẹ̀ ń rí nínú igbó pamọ́.

Tí ẹ bá lè bá mi mú ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ kan, ní Kétu kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Ṣábẹ̀ẹ́, èmi á wá láti Àjàṣẹ́, màá mú bébà yẹn àti ìbọ̀wọ́ dání kí ẹ fojú rí i kí ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ bi mí ní gbogbo ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn. Ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn ìyá tó ń ta ẹran wà níbẹ̀, kí wọ́n jókòó níwájú.

Èmi ni, ọmọ ọdẹ Kétu, láti Àjàṣẹ́.